Ẹsẹ̀ Méjì Tó Jẹ́ Ìpè

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ti wọ bàálù ilé-iṣẹ́ náà rí, bi í bóyá ó mọ Àǹtí Bẹ́líìtì. Bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ó ti wọ̀ ọ́ rí nìyẹn.

Òun ni olùtọ́jú èrò nínú bàálù kékeré tó ń gbé èèyàn láti ìlú etí òkun lọ sí ìlú orí òkè, tó sì ń kó wọn padà. Òun nìkan ló máa ń wà pẹ̀lú èrò, nítorí bàálù náà ò tóbi: ìjókòó méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, àlàfo tóóró láàárín. Bí ẹni tó sanra bá ń kọjá, á máa tọrọ àforíjì lọ́tùn-ún lósì ni. Kí bàálù tó gbéra, obìnrin yìí á rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan wò. Kò wo ti pé o lówó, kò wo ti pé o tálákà. Bí ọ̀gá kan bá ní ikùn òun ò gba okùn fífún, á ní, "Ẹ má bínú sà, ikùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó bá yín délé." Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà á fa okùn rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìnagijẹ tiẹ̀. Bàálù méjì péré ni wọ́n ní, àwọn èrò sì sọ wọ́n ní Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó-Ná. Ẹnu ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì wọn, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Sípánà, ni orúkọ ọ̀hún ti jáde. Kùrukùru bo orí òkè? Ẹ jẹ́ á wò ó ná. Iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú níwájú awakọ̀? Ẹ jẹ́ á wò ó ná. Àwọn èrò á jókòó sórí àga onírin, wọn á bínú títí, wọn á ní ìgbín yá jù wọ́n lọ, wọn á búra pé àwọn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn kan náà lẹ ó tún rí tí wọ́n tò síwájú káńtà. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi padà wá. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí èrò kan tó tiẹ̀ fi èékánná gbọgbẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí gbogbo èyí ò wú lórí ni ìyá ọkọ Àǹtí Bẹ́líìtì. Mọ́mì kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, kò sì fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni rí nínú àwọn ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú. Bí ìyàwó bá múra iṣẹ́ láàárọ̀, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀, tó dè gèlè kékeré mọ́ ọrùn, Mọ́mì á wò ó látorí dé ẹsẹ̀, á mí kanlẹ̀.

"Ìwé tí ìyàwó mi kà, ó ga jù mí lọ," á wí. "Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé òkè ọ̀run ló ti lọ ń gbé ohun mímu fún àlejò? Ilẹ̀ ò ní àlejò ni?"

Àǹtí Bẹ́líìtì á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mọ́mì, ẹ máa gbàdúrà fún wa," á sì jáde. Kò bá a jiyàn rí. Àmọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń ta á bí ẹ̀gún inú bàtà. Ohun mímu tí ìyá náà ń sọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni pípín rẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ títí tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, bí wọ́n ṣe ń kó èrò yọ nínú ewu, jẹ́ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe rí, tí kò sì fẹ́ ṣe láé.

Lọ́dún tí òjò pọ̀, odò wó afárá tó wà lójú ọ̀nà orí òkè. Àsìkò yẹn gan-an ni àbígbẹ̀yìn Mọ́mì bímọ àkọ́bí rẹ̀ sí ìlú orí òkè. Ọkọ Àǹtí Bẹ́líìtì ní kí ìyá òun ní sùúrù títí wọn á fi tún afárá ṣe. Mọ́mì wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Ìkókó ń dàgbà, o ní kí n dúró de afárá? Ìkókó yóò dúró dè mí ni?"

Bí Mọ́mì ṣe gbà láti wọ bàálù nìyẹn. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìyàwó rẹ̀ mú un jókòó sí iwájú pátápátá, níbi tí ojú òun á ti máa tó o. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ wò bó ṣe ń fa ti gbogbo èèyàn.

"Èmi náà?" ni Mọ́mì wí.

"Ẹ̀yin gan-an, Mọ́mì."

Bí bàálù ṣe gbéra, Mọ́mì fa gèlè rẹ̀ bo ojú. Ìgbà tó ṣí i, ó rí àwọsánmà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí òwú tí wọ́n sá, ẹnu sì yà á. Ó gba ohun mímu lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún arábìnrin tó jókòó tì í pé ìyàwó òun ni.

Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú orí òkè nígbà tí Àǹtí Bẹ́líìtì gbọ́ pé ariwo abẹ́ ilẹ̀ bàálù ò pé. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ilé mọ ìró ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ bàálù jáde, kó dún gbì, gbì, gbì. Gbì méjì ló gbọ́. Ó dúró de ẹ̀kẹta, kò gbọ́ ọ. Dípò kí wọ́n balẹ̀, imú bàálù tún dojú kọ òkè.

Fóònù ara ògiri dún. Ọ̀gá awakọ̀ ni, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Kò ròkè lọ́jọ́ yẹn náà.

"Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti jáde," ó wí. "Ti iwájú kọ̀. A ti ṣe gbogbo ohun tí ìwé wí, Bàbá Sípánà náà sì wà pẹ̀lú wa lórí rédíò. A ń padà sí ìlú etí òkun. Ọ̀nà ibẹ̀ gùn, àwọn panápaná ibẹ̀ sì pọ̀. Àá yí po díẹ̀ kí epo lè dín kù. Màá fi táyà ẹ̀yìn balẹ̀, màá sì gbé imú sókè títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kí imú lè fúyẹ́, ẹ bá mi kó àwọn tó wúwo sẹ́yìn. Ẹ múra wọn sílẹ̀ fún mi."

"Ó yé mi, sà."

Ó gbé fóònù kọ́.  Ó ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì yára ti ìrònú náà sẹ́yìn, nítorí bó bá jókòó tì í, kò ní lè dìde. Ó mu omi ẹnu kan. Ó tún gèlè ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó jáde sí wọn.

Ọ̀gá awakọ̀ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ.  Bó ṣe parí, igbe ta. Ẹnìkan ń pe Ọlọ́run, ẹnìkan ń pe ìyá rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó gbá báàgì dúdú mọ́ra ń pariwo pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, bí ẹni pé ibùdókọ̀ kan wà nítòsí.  Ojú ìyàwó rẹ̀ ni Mọ́mì ń wò.

"Ẹ gbọ́ mi!" ni Àǹtí Bẹ́líìtì wí. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Iṣẹ́ wà fún wa láti ṣe, a sì máa ṣe é pọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó wúwo lọ sẹ́yìn, kí iwájú lè fúyẹ́. Ta ló wúwo?"

Ẹ ò ní gbà gbọ́: kò sẹ́ni tó dìde. Ikú ń bọ̀ lókèèrè, síbẹ̀ ojú ń ti àwọn èèyàn láti sọ pé àwọn sanra. Ọ̀gá kan tó kún àga rẹ̀ fọ́fọ́ ń wo òde fèrèsé bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Mọ́mì ló tú bẹ́líìtì rẹ̀.

"Èmi wúwo," ó wí, ó dìde gbọn-in gbọn-in. "Mo ti bí ọmọ mẹ́fà, mi ò sì fi ìkankan ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ikùn sínú yìí, ta lẹ fẹ́ tàn? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tìyàwó mi!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Ó ran ẹlòmíràn. Ẹ̀rín tí omijé wà nínú rẹ̀ ni, àmọ́ ó já okùn ẹ̀rù. Ọ̀gá inú àga dìde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àǹtí Bẹ́líìtì kó wọn sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ́ wọn bí wọn á ṣe tẹ orí ba tí wọn á sì fi ọwọ́ bò ó, ó gba bàtà onígìgísẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin, ó gba gíláàsì lójú àwọn tó ń lò ó. Ó sọ ọ́ lásọtúnsọ pé tí bàálù bá dúró, ilẹ̀kùn iwájú ni gbogbo wọn á gbà jáde, nítorí imú á ti dolẹ̀, ẹ̀yìn á sì ga. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹrù. Ó ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan wò. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bá a ṣàwàdà. Bó ṣe ń débi ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ.

Mọ́mì di í mú pẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

"Ibo lo máa jókòó sí?"

"Iwájú, Mọ́mì. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn."

"Níbi tí imú á ti gbálẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà, Mọ́mì. Èmi ni mo máa ṣí i."



Bí wọ́n ṣe ń yí po lókè fún ìgbà tó gùn bí ọdún, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbẹ̀yìn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́. Láti ibi tí Àǹtí Bẹ́líìtì jókòó sí, ó rí ọkọ̀ panápaná pupa tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó kígbe, "Ẹ tẹ orí ba! Ẹ tẹ orí ba!" Kò dákẹ́ títí táyà ẹ̀yìn fi kan ilẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá bá gbé ọmọ tó sùn sórí ẹní. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń sáré lórí ẹsẹ̀ méjì, imú wà lókè, bíi pé kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà ni imú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, irin sì kan ọ̀dà.

Ariwo náà, kò sí ẹni tó lè ròyìn rẹ̀ tán. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ òrùlé mọ́ wọn lórí. Iná ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òórùn jíjó wọlé. Gbogbo ara bàálù ń gbọ̀n, ó yà díẹ̀, ó tún tọ́. Ó dúró.

Àǹtí Bẹ́líìtì ti tú bẹ́líìtì tirẹ̀ kí ìdákẹ́jẹ́ tó dé. Ó yọjú wo ìta, kò rí iná, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, atẹ́gùn wọlé. "Ẹ jáde! Ẹ fi ẹrù sílẹ̀! Ẹ jáde!" Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn bí ẹni ń sọ̀ láti orí òkè. Ó ń fà wọ́n, ó ń tì wọ́n, àwọn panápaná ń gbà wọ́n nísàlẹ̀. Ọkùnrin gíga yẹn dé tòun ti báàgì rẹ̀, ó há sójú ọ̀nà.

"Ẹ jù ú sílẹ̀!"

"Gbogbo ìwé ẹ̀rí mi ló wà níbẹ̀!"

"Ẹ jù ú sílẹ̀, sà, kẹ́ ẹ gbé ìyá yẹn!"

Mọ́mì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di àga mú, orúnkún rẹ̀ ti há. Ọkùnrin náà wẹ̀yìn. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn Mọ́mì bí ọmọ tuntun, ó bẹ́ jáde. Àǹtí Bẹ́líìtì rìn padà dé ẹ̀yìn, ó wo abẹ́ gbogbo àga, kò rí ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni òun àti àwọn awakọ̀ tó jáde.

Orí koríko ni wọ́n ti kà wọ́n. Wọ́n pé. Ẹnìkan bó lọ́wọ́, ẹnìkan rọ́ lẹ́sẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ara wọn, ọ̀gá tó kún àga jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, kò tijú mọ́. Mọ́mì wá ìyàwó rẹ̀ kiri títí ó fi rí i. Ó dúró níwájú rẹ̀ láìwọ bàtà, gèlè ti ṣí lórí rẹ̀, ó sì fẹ́ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

Àǹtí Bẹ́líìtì fò mọ́ ọn, ó di í lápá. "Háà, Mọ́mì! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ fẹ́ fi mí ré ni?"

"Jẹ́ kí n dúpẹ́," ni ìyá náà wí. "Mo ti bá ẹ gbé láti ìgbà tí ọmọ mi ti fẹ́ ẹ, mi ò sì mọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe. Mo rò pé ohun mímu lò ń pín."

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì padà bára wọn, nítorí bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì sókè ni àárẹ̀ ń fa àwọn méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n kúkú jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Pátápátá, pe ìpàdé. Ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n tún èyí tó bàjẹ́ ṣe wẹ́rẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí bàálù kejì máa fò lọ, kí ọ̀rọ̀ náà má di ariwo. Ṣebí kò sẹ́ni tó kú.

"Nítorí pé kò sẹ́ni tó kú gan-an ni," Ọ̀gá Pátápátá dá a lóhùn. "Ọlọ́run ta wá lọ́rẹ, kí la fẹ́ fi ṣe? Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò bẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bàálù méjèèjì ò ní gbéra. Ẹ pe ìjọba, ẹ pe àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà."

Wọ́n tú ẹsẹ̀ iwájú palẹ̀. Irin kékeré kan, tí kò ju ìka ọmọdé lọ, ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀. Ó ti là nínú láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, níbi tí ojú èèyàn ò lè dé. Wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń fo irú bàálù bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, ilé-iṣẹ́ kan tó jìnnà réré ránṣẹ́ padà pé àwọn yẹ tiwọn wò, àwọn bá irin kan náà tó ti fẹ́ já, ọjọ́ kejì gan-an ni bàálù ọ̀hún ì bá sì gbéra pẹ̀lú èrò kíkún. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́.

Gbogbo ènìyàn yọ̀, àyàfi Bàbá Sípánà. Ó ń wá síbi iṣẹ́, ó ń ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tí Àǹtí Bẹ́líìtì sọ èyí nílé, Mọ́mì sọ àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mú mi lọ bá a."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin náà ò tíì fara balẹ̀..."

"Mo ní kó o mú mi lọ bá a."

Ilé ńlá onípáànù tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe ni wọ́n ti bá a. Bó ṣe rí Mọ́mì, tó sì gbọ́ pé ọ̀kan lára àwọn èrò ọjọ́ náà ni, ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ olóróró.

"Ẹ má bínú, Màámi. Abẹ́ ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kọ̀."

"Dìde, ọmọ mi," ni Mọ́mì wí. "Ẹsẹ̀ mélòó ni bàálù yín ní?"

"Mẹ́ta ni, Màámi."

"Ìwọ ń sọ ti ọ̀kan tó kọ̀. Èmi wá nítorí méjì tó jẹ́ ìpè. Orí wọn la balẹ̀ sí. Ta ló tọ́jú wọn?"

Bàbá Sípánà dìde, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ló dáhùn pé, "Òun ni, Màámi. Òun ló máa ń yẹ̀ wọ́n wò fúnra rẹ̀, kò gbà kẹ́nìkan bá òun ṣe é."

"Ṣé o gbọ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò ní ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀. O ṣé o. Ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ yìí ò ní rọ. Ọmọ tí ọmọ mi bí, ìyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ìwọ wà lára àwọn tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

 Ọkùnrin náà mi orí, ó mi orí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, girísì sì kùn ún láti imú dé etí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n bíi pé ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu òun náà, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé àga wá fún ìyá.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá ọkọ àti ìyàwó dúró sábẹ́ ibòji ibùdókọ̀, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn délé.  Lójijì, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Àǹtí Bẹ́líìtì. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sunkún. Ó ti ń tu àwọn èrò nínú, ó ti ń dá àwọn oníròyìn lóhùn, ó ti ń rẹ́rìn-ín fún àwọn ọmọ rẹ̀. Báyìí, ó ń sunkún débi pé èjìká rẹ̀ ń mì.

Mọ́mì ò ní kó dákẹ́. Ó fa etí ìró rẹ̀ sókè, ó nù ún lójú, ó nù ún nímú, bí wọ́n ṣe ń nu ọmọ tí wọ́n bí.

"Sun ún," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò sí ohun tó ń lé wa. Sun ún, ìyàwó mi. O ṣé, o ṣé, o ṣé gan-an ni."

Ọkọ̀ kan dé, ó kún. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Wọ́n dúró de òmíràn.